Ta Ló Ń Gbé Ọ̀rọ̀ Wa Dé Kánádà?

Ojúlé Kẹsàn-án,
C Close, 23 Road,
Festac Town,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Yíwọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Winnipeg ò tíì máa bù ọ́ létí jẹ? Àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o rí ìdí gbélẹ̀? O kú iṣẹ́ alẹ́, o kú àìsùn, o kú àjò. Ọlọ́run á jẹ́ kí àjò náà sàn ọ́. Ara tèmi náà le, ilé wà, Mama yín wà, gbogbo wa wà. Ṣùgbọ́n o ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ohun tó gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn: kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa tí o kì í mọ̀ ṣáájú mi.

Wàá ní kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé sórí pépà láyé Wasáàpù. Mi ò fẹ́ fi fóònù sọ ọ́ ni, torí fóònù gan-an ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́. Bọ̀dá Owólabí ojúlé kejì ń bọ̀ wá wo ọmọ wọn lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, àwọn ni mo fi rán. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu àpò ìwé náà, mo sì fi bírò fọwọ́ sí orí ibi tí mo lẹ̀. Bí o bá rí i pé ìfọwọ́sí mi ti já sí méjì, a jẹ́ pé wọ́n tú u wò. Sọ fún mi.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ara ti kọ́kọ́ fu mí. Nígbà tí Àǹtí Bukky tó ń ṣerun fẹ́ kó ṣọ́ọ̀bù kúrò lẹ́nu géètì wa lọ sí Fourth Avenue, ìwọ lo bi mí pé ta ló máa gba ṣọ́ọ̀bù náà. Èmi tí mò ń kọjá níwájú ibẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ó dáa, ẹnu Bukky kì í dúró, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló pè ọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gé irun mi kúrú. Mi ò ya fọ́tò, mi ò gbé nǹkan kan sórí sítátọ́ọ̀sì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, o ti ránṣẹ́ pé orí mi rí rogodo bí àgbálùmọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ta ló fi orí mi hàn ọ́?

Èyí tó wá gbé mi lọ́kàn sókè ni ọ̀rọ̀ Akínfẹ́nwá, àfẹ́sọ́nà mi. O mọ̀ pé ètò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ èmi àti ẹ̀ ti sún mọ́lé kí físà òkè òkun tirẹ̀ náà tó jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a sún ètò náà síwájú ná. Yàtọ̀ sí àwa méjèèjì, Mama yín nìkan ni mo sọ ọ́ fún, torí láti ìgbà tí o ti lọ, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń yà sí lọ́sàn-án tí a bá ti pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi wa dé. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà lo bi mí pé ṣé ẹ̀rù ọkọ ń bà mí ni. Yíwọlá! Bàbá tó bí mi lọ́mọ ò tíì gbọ́!

Mo tọ Mama lọ, mo bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá wọ́n ti sọ ọ́ fún ọ. Wọ́n gbé Bíbélì láyà, wọ́n ní àwọn ò yanu sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan. O mọ Mama, ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 2 tó tún sáré padà lọ fún kọ́ńdọ́kítọ̀ ní ṣéńjì tó lé. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ìyẹn ló sì da gbogbo ẹ̀ rú mọ́ mi lójú, torí bí kò bá ti ṣe Mama, a jẹ́ pé Akínfẹ́nwá ni, tàbí kó jẹ́ pé Bukky ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé gbọ́rọ̀. Wọ́n ní ògiri létí. Mo fẹ́ mọ èyí tó tún lẹ́nu.

Mo bá dẹ pàkúté. Mo sọ fún Bukky pé mo ti ríṣẹ́ sí Àbújá. Mo sọ fún Akínfẹ́nwá pé mo fẹ́ máa sin ajá, torí bí ìwọ bá gbọ́ ajá, o ò ní lè pa á mọ́ra. Mo wá jókòó ti fóònù, mò ń retí. O ò dárúkọ Àbújá, o ò dárúkọ ajá. Èrè tí mo rí níbẹ̀ ni pé gbogbo àdúgbò ṣì ń kí mi kú ìmúra Àbújá, Akínfẹ́nwá sì ti lọ tọrọ ọmọ ajá kan wá fún mi ní Satellite Town. Ajá náà wà nílé wa báyìí. Ó ti jẹ sálúbàtà Bàbá mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ tó kọjá, òjò ṣú nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ Mama, wọ́n sì sáré lọ sẹ́yìnkùlé lọ kó aṣọ tí wọ́n sá. Ó ku èmi nìkan ní pálọ̀. Ọkàn mi wúwo, mo bá kúnlẹ̀ nídìí àga Bàbá yín olóògbé, mo gbàdúrà sókè. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Akínfẹ́nwá lọ gbàgbé mi bí Yíwọlá ṣe lọ tó gbàgbé mi. Mo sunkún díẹ̀, mo nujú, Mama wọlé, mo bá wọn ká aṣọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ wọlé, gbólóhùn kan péré: “Mi ò gbàgbé ẹ o, Ẹ̀bùn.”

Orí mi wú. Àdúrà tí mo gbà sí Ọlọ́run nìkan! Mo rò ó pé bóyá ẹ̀mí àsọtẹ́lẹ̀ ló bà lé ọ níbẹ̀ yẹn. Mo tún rò ó pé bóyá o ti ń tọ ẹni tí kò yẹ kí o tọ̀ lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo fi òróró pa iwájú orí kí n tó sùn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo padà lọ, mo ní lónìí yìí n ó wo pálọ̀ yẹn dáadáa. Mo yẹ ẹ̀yìn kọ́tìnì wò, mo yẹ abẹ́ àga wò. Mama bi mí pé kí ni mò ń wá, mo ní yẹtí mi ló já bọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lórí fìríìjì.

Kì í ṣe Mama ló wúkọ́. Mo dìde, mo sún òdòdó oníke tó wà lórí fìríìjì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fóònù Mama ló fẹ̀yìn ti agolo mílíìkì, wáyà ṣájà ń bẹ nídìí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kọ sí àárín pálọ̀ gangan. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rí i níbẹ̀, mo rò pé wọ́n kàn ń fi iná sí i ni. Ìwọ ni mo bá nínú rẹ̀. Ò ń sùn. Yàrá rẹ ṣókùnkùn, o ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, o ká kò sábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, ẹnu rẹ sì là sílẹ̀ bó ṣe máa ń là ní kíláàsì ìṣirò.

Mo fọwọ́ bo ẹnu ara mi, mo fa Mama lọ sí kíṣìnnì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé tí o bá dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́, nígbà tí ọ̀dọ̀ wa ti di ọ̀sán, oorun kì í kùn ọ́, torí ilé yẹn dákẹ́ jù. Wọ́n ní o bẹ àwọn pé kí àwọn má pa ìpè, kí o lè máa gbọ́ ariwo ilé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé ọ sórí fìríìjì tí wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ibẹ̀ náà kúkú ni Bukky ti ń dirun fún wọn. Nígbà tí mo wá ní àwọn ni wọ́n ń tú àṣírí mi, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ̀bùn, mo ní mi ò sọ nǹkan kan, mi ò sì sọ. Ọmọ mi tó ń sùn nílé bàbá ẹ̀, ṣé kí n máa lé e síta tí ẹ bá ti dé ni?”

Inú bí mi, Yíwọlá, mi ò ní purọ́. Ara ṣì ń fu mí pẹ̀lú. Kí lo gbọ́, kí ni o ò gbọ́? Ọjọ́ tí mo sọ fún Mama pé o ti di òyìnbó, pé o máa ń rí ìpè mi tí o kì í gbé e, ṣé o sùn ni àbí o lajú? Láti ìgbà yẹn ni èsì rẹ ti ń kúrú. Ìgbéraga ni mo pè é nígbà náà. Ó wá ń ṣe mí bíi pé ọ̀rọ̀ mi ló dùn ọ́. Àwọn fọ́tò tí ò ń gbé síta pàápàá, ti yìnyín àti kóòtù pupa tí o fi ń rẹ́rìn-ín, mo ti padà lọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì fọkàn tán ẹ̀rín yẹn mọ́. Kí ló dé tí o lè sọ fún Mama pé o ò rí oorun sùn, tó jẹ́ pé “mo wà dáadáa” ni tèmi?

Torí tìrẹ ni mo ṣe sún ètò mi síwájú. Bí ìwọ tí a jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà bá lè lọ kí o dákẹ́, kí ni kí n retí lọ́wọ́ ọkùnrin tí mo pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì? Oṣù tó ń bọ̀ ni Akínfẹ́nwá ń lọ, ó sì fẹ́ gbọ́ ohun tí mo bá sọ kó tó wọkọ̀ òfúrufú. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Bá mi kí àwọn arúgbó rẹ. Àǹtí Bukky ní kí n kí ọ. Mama náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ti gbọ́ ìyẹn lórí fìríìjì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ọ pé mo ti rí ọ, kí lẹ́tà yìí tó dé. Wọ́n tún gbé Bíbélì láyà.

Mi ò ní kí wọ́n gbé fóònù náà kúrò o. Mo ti nu ojú rẹ̀, mo sì ti gbé òdòdó yẹn lọ sórí tẹlifíṣọ̀n kí o lè ríran dáadáa. Ojoojúmọ́ ni mo ṣì ń lọ síbẹ̀, orí àga Bàbá yín ni mo sì ń jókòó sí. Tí oorun bá ń kùn ọ́, máa sùn, n ò ní jí ọ. Ṣùgbọ́n tí o bá lajú tí o rí mi, má wulẹ̀ wúkọ́. Pe orúkọ mi.

Èmi ni tìrẹ tí ara ṣì ń fu,
Ẹ̀bùnlọlá.