Ìyá Ẹ-Rẹ́rìn-ín, Oníṣẹ́ Abẹ Iṣan Ojú àti Etí

Ọdún 1953 ni a bí Màmá wa, àkọ́bí gbẹ́nàgbẹ́nà kan àti aránṣọ. Bàbá wọn kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Bí ẹsẹ̀ àga kan bá mì, yóò tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, yóò sì tún un kàn.

Màmá di dókítà ní 1978. Ní 1981, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ gbé wọn níyàwó. Ìyàwó kì í tètè dé láti ibi iṣẹ́, nítorí náà ọkọ kọ́ ọbẹ̀ sísè tipátipá. Láti 1988, iṣẹ́ wọn ni yíyọ kókó tí kì í wọ́pọ̀, èyí tí ń hù sára àwọn iṣan tín-ín-rín tó ti inú ọpọlọ wá sí ojú, etí àti ọ̀fun. Bí aláìsàn bá ti jí, wọn a ní, “Ẹ rẹ́rìn-ín,” kí wọ́n lè mọ̀ bí iṣan ojú bá yè. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ wọn ti wá.

Ní 2004, bíríkìlà kan ń mọ ògiri ilé wọn. Bí sìmẹ́ǹtì bá kún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, yóò fi ọwọ́ òsì gbé fóònù rékọjá ojú lọ sí etí ọ̀tún. Màmá bi í pé kí ló ṣe etí òsì.

“Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, Dókítà,” ni bíríkìlà náà fèsì. “Ọ̀lẹ ni etí yẹn. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ látọdún tó kọjá.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú un lọ ya àwòrán inú orí. Kókó ti hù sára iṣan ìgbọ́ràn, ó sì ti ń ti iṣan ojú.

Nígbà iṣẹ́ abẹ, kókó náà jáde, ó ku pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ iṣan ojú. Bí wọ́n bá ha á kúrò, ẹnu ọkùnrin náà lè wọ́ títí ayé. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè tún hù. Ọ̀gá wọn nílé ìwòsàn ní kí wọ́n kó o tán. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà fi í sílẹ̀. “A ó máa ṣọ́ ọ,” ni wọ́n wí. “Ojú tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ni kó gbé délé.”

Nígbà tó jí, ẹ̀gbẹ́ òsì ojú rẹ̀ kò mì. Màmá kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí ọkọ wọn sè. Ó tó oṣù mélòó kan kí ẹ̀rín náà tó padà. Etí òsì kò gbọ́ mọ́, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ tó kù náà kò dàgbà títí dòní.

Àdúrà wọn kì í gùn: “Olúwa, di ọwọ́ mi mú,” wọn a sì lọ fọ ọwọ́. Láti 2011, wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kéékèèké bí a ti ń dán etí wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àìsàn ọkàn mú wọn lọ ní 2024. Ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ márùn-ún ni wọ́n fi sáyé, pẹ̀lú àwọn dókítà tí wọ́n tọ́. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà kò lè wá síbi ìsìnkú yìí. Ó wà nídìí yíyọ kókó iṣan ojú ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́. Ẹbí kò bínú sí i. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà.

Ẹ sùn ire, Màmá. Ọwọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.