Àga Tí Mo Kàn fún Ìgbìmọ̀ Àgbáyé

Àkọ́bí mi, ìwọ tí o sọ mí di bàbá kí irùngbọ̀n mi tó kún,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo sì kí ọ kú ariwo ìlú ńlá tí wọ́n ní kì í sùn. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ibi tí orí bá ń gbé ọ lọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣìnà débẹ̀. Bí o bá béèrè wa, ara wa le bí igi ìrókò, àfi orúnkún mi òsì tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó dúró sẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì ní ìkọ̀wé mi dà bí ìgbà tí adìẹ bá jó lórí eérú.

Ìròyìn pọ̀. Rédíò sọ pé ilẹ̀ adúláwọ̀ ń dìde, pé gbogbo ayé ló ń rí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé irinṣẹ́ mi tí omi wà nínú rẹ̀, èyí tí mo fi ń mọ̀ bóyá pákó tẹ́jú, mo gbé e lé àárín ilé, omi náà sì sá lọ sí apá ibi ìdáná. Mo pe ìyá rẹ wá wò ó. Ó ní ilé yìí ti wọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ ọ, pé kí n má di ẹ̀bi iṣẹ́ ọwọ́ mi ru ilẹ̀ adúláwọ̀. Síbẹ̀ mo ti gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wa díẹ̀, kí ilẹ̀ tó ń dìde má baà tì í pa mọ́ wa lórí. Adìẹ ti wá ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé báyìí, ṣùgbọ́n ìyẹn náà á dópin bí ilẹ̀ bá dìde tán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà ti yí bìrí. Ìjọ wa àtijọ́, èyí tó ní agogo, ó ti ku àwa arúgbó àti àwọn àdán. Ìyá rẹ ti bá ìjọ tuntun lọ, àwọn tó ń lo ilé ìkẹ́rù ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn le débi pé bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ orin, ìṣó á fúnra rẹ̀ máa yọ kúrò nínú pákó ní ìsọ̀ mi. Àbúrò mi, télọ̀, ti ń kírun láti ìgbà tó ti gbé ìyàwó Mùsùlùmí, ó sì ti wá mọ aago ju ẹni tó ṣe aago lọ. Ọmọ rẹ̀ tó ti yunifásítì dé ní òun kò ṣe ẹ̀sìn kankan ná. Mo ní kò burú, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń gba ìsinmi, ṣùgbọ́n bí ìsinmi rẹ̀ bá ti parí, kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá òyìnbó kan wá kí wa, láti ìjọ tó rán àwọn tó mú ìhìnrere bá àwọn bàbá ńlá wa. Ó ní ilé ìjọsìn àwọn lọ́hùn-ún ti ṣófo, pé wọ́n ti sọ òmíràn di ilé oúnjẹ, pé kí a jọ̀ọ́, kí a bá àwọn wá oníwàásù. Ẹni tó kọ́ wa ní ABD ló ní ká wá ka ABD fún òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bi í ta ló ń bá wọn tún àga ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni o wá pè wá lórí fóònù tí ń fi ojú hàn, tí ìyá rẹ lọ wọ aṣọ ìjáde kí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ má baà rí i bákan. O ní wọ́n ti fún ọ ní àga nínú ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn, pé ọ̀dọ̀ wa ni olùjọ́sìn ti ń pọ̀ sí i báyìí, ayé kò sì lè dá ìpàdé náà ṣe láìsí wa. O ní ìparí oṣù ni o ń lọ, àkókò kò sì ní jẹ́ kí o kọ́kọ́ wálé. Bí o ṣe sọ ìyẹn tán ni ojú rẹ dúró gbagidi, ẹnu rẹ là sílẹ̀. Ìyá rẹ ní ẹ̀mí ti gbé ọ, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Èmi rò pé ojú ohun tí o sọ ló ń tì ọ́. Télọ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mi ò mọ ẹni yẹn, ṣùgbọ́n ibi tí kò dára ló ti dá ọ̀rọ̀ wa dúró.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àga yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ káfíńtà, kí àjèjì máa fún un ní àga? Igi wo ni wọ́n fi ṣe é, ta ló kàn án? Ẹni tó bá fún ọ ní àga lè ní kí o dìde. Ni mo bá mú iṣẹ́ ṣe. Ìjọ wa ń kó àwọn ìjókòó ẹ̀yìn síta, èyí tí mo fọwọ́ ara mi kàn nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo sì tọrọ èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìyá rẹ máa ń gbé ọ jókòó sí. Mo tú u, mo fi ìfági fá a títí ó fi ń dán bí orí ọ̀gá báńkì. Mo fẹ́ béèrè ìwọ̀n ìdí rẹ, ìyá rẹ ní a kì í béèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ ọmọ tó ti dàgbà. Télọ̀ ló rántí ìwọ̀n náà láti ara aṣọ tó rán fún ọ kẹ́yìn, ó sì ní kí n fi díẹ̀ lé e, pé iṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń fẹ ènìyàn. Ibì kan ṣoṣo tí n kò fá ni orí ìgbọ́wọ́lé rẹ̀ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni o ti fi eyín tí o kọ́kọ́ yọ gé pákó jẹ bí eku, nígbà tí ìwàásù gùn. Àpá rẹ̀ ṣì wà.

Mo pe awakọ̀ ẹrù. Ó ní níbo ni òun ń gbé e lọ. Mo ní Ìgbìmọ̀ Àgbáyé. Ó ní ṣé kí òun tó dé ilé epo ni àbí lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni télọ̀ ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, àga tí wọ́n fún ọmọ yìí kì í ṣe àga onípákó, ipò ni. Mo ní, ipò náà, ṣé ìdúró ni wọ́n ń wà nínú rẹ̀? Ó kàn ní bàálù kò ní gbà á, ì báà fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ.

Mo jókòó sórí pákó tó ṣẹ́ kù. Ìyá rẹ ló wá jókòó lé àga náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú àpá eyín yẹn, ó ní bí àga kò bá lè lọ bá ọmọ, kí ọmọ wá bá àga. Láti ìgbà tó ti bá ìjọ tuntun lọ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnu àwa méjèèjì kò lé lórí nìyẹn.

Nítorí náà, wá jókòó lé e kí o tó lọ. Bó jẹ́ ìjókòó tí kò pẹ́ tó kí omi hó lórí iná, wá. Ìyá rẹ á gbàdúrà tirẹ̀ tó ń yọ ìṣó, èmi á ka tèmi nínú ìwé, télọ̀ á ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìsinmi á sì ṣe àmín, torí àmín kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tí gbogbo wa bá jọ gbàdúrà fún, kí ni ayé fẹ́ sọ níwájú rẹ̀?

Jọ̀ọ́, wá owó díẹ̀ fún wa. Fáníìṣì àga náà ti tán, awakọ̀ gba owó pé òun wá láìgbé nǹkan kan, a sì nílò pákó tí a ó fi lé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, torí ilẹ̀ kò tíì dìde dé ibi tí mo rò. Má fi í sí báńkì. Wọ́n ní inú kọ̀ǹpútà ni owó mi wà. Mo wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà, wáyà nìkan ni mo bá níbẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Àga tí wọ́n fún ọ lọ́hùn-ún kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ kò ní bọ́ sílẹ̀ láàrin àwọn àgbà. Bí wọ́n bá sì ní kí o dìde, má bínú, má sì bẹ̀ wọ́n. Èyí tó wà nílé, kò sí ẹni tó ń jókòó lé e. Adìẹ kan fò sórí rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo lé e.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.