Ìdí Tí Mo Fi Ń Rọra Sọ̀rọ̀ Lórí Fóònù

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì tún kí ọ kú àṣẹ̀yìndè ìyá rẹ. Ṣé ara rẹ le? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní gbogbo títì tí o ń rìn níbẹ̀. Ara tèmi náà le, ilé ló kàn fẹ̀ jù mí lọ. Adìẹ dúdú ìyá rẹ ti pa ọmọ mẹ́fà.

Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí pé láti ọjọ́ ìsìnkú, o kì í gbé ìpè mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o sọ pé ńṣe ni mo fi àìsàn ìyá rẹ pa mọ́ fún ọ. Mi ò fi pa mọ́, ọmọ mi. Jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ṣé o rántí òpó fóònù tí wọ́n rì sẹ́yìn ilé wa? Ọkùnrin tó máa ń gùn ún, tí gbogbo wa ń pè ní Agòkè, yà kí wa nígbà tí ara ìyá rẹ ṣì le. Ó ní sátẹ́láìtì tó ń kọjá lójú ọ̀run àti òpó wa yìí ti fẹ́ máa jọ lo ọ̀nà kan náà nínú afẹ́fẹ́, pé bí ti òkè bá ń kọjá, ti ilẹ̀ á dín agbára rẹ̀ kù kí wọ́n má baà dí ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn. Mo ní bí òpó irin bá lè mọ̀wà hù tó báyìí, kò yẹ kí èmi tí mo ń lò ó máa lọgun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo tilẹ̀ bẹ káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé pé kó máa rọra kan ìṣó, ó sì bi mí pé ṣé sátẹ́láìtì náà ń sùn ni. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ikọ́ yẹn ni kò lọ mọ́, mo sì ń rọra sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí mo pè ọ́, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ ni mo jókòó sí. Mo ní kí o máa bọ̀ kíákíá, pé ìyá rẹ ń lọ. O ní o ò gbọ́ mi. Mo tún un sọ, mo tún rọra sọ ọ́. O ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, pé o máa pè tó bá di ìrọ̀lẹ́. Kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, ó ti parí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Agòkè wá bá mi kẹ́dùn, mo sì sọ fún un bí mo ṣe ń bọ̀wọ̀ fún sátẹ́láìtì rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú mi, ó jókòó. Ó ní ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ pín ọ̀nà, kò kan ohùn ènìyàn rárá, pé mo lè pariwo bó ṣe wù mí.

Ohun tí ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ lọ́jọ́ Ẹtì náà nìyí: kí o máa jẹun kí o tó kúrò nílé láàárọ̀. Ìwọ lo ni ẹ̀rọ ìránṣọ òun. Aṣọ aláwọ̀ ewé tí òun ń rán fún ọ, apá kan ló kù, kí o má gbé e fún aránṣọ kankan, kí o fọwọ́ ara rẹ parí rẹ̀.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó káàdì ìpè ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá sí, má da ara rẹ láàmú, ìwọ ni kí o pè mí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o pe ẹni tí o fẹ́ràn kí onítọ̀hún má gbọ́ ọ. Ìgbàkígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kí o pè. Mo ti sọ fún káfíńtà pé màá pariwo.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.