Àyà Mi Ti Kan Ilẹ̀

Daddy mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí pẹ́. Ìgbà ẹgbẹ̀rún ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí mo sì fà á ya. Igi tí wọ́n gé ṣe ìwé tí mo bà jẹ́ á tó kọ́ ilé kárí gbogbo Stockbridge, ìlú wa yìí. Ṣé ara yín ti mókun níbẹ̀? Ṣé wọ́n gbà kí ẹ máa ki búrẹ́dì bọ tíì, àbí àwọn náà ń pariwo ṣúgà lé yín lórí bíi ti Mummy?

Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń kí yín láàárọ̀? Láti kékeré ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀, èmi tí wọ́n bí ní obìnrin. Mummy á ní kí n kúnlẹ̀ bí ọmọ gidi. Ẹ̀yin á yọ gíláàsì yín, ẹ á wò mí nílẹ̀ bí télọ̀ tó ń yẹ aṣọ wò, ẹ á ní, "Àyà ò tíì kan ilẹ̀ o!" Màá tún fún ara mi mọ́lẹ̀ títí imú mi á fi máa lá kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò bi mí rí ìdí tí mi ò fi kúnlẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ ni? Àbí ẹ rò pé eré ni? Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò sọ ìdí náà fún yín nígbà tí etí yín ṣì ń gbọ́.

Níbi ìsìnkú yín, mo dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Uncle kan fà mí dìde bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ tu, ó ní kí n má dójú ti òkú. Láti ọjọ́ náà, mi ò kí ẹnikẹ́ni dáadáa mọ́. Tí mo bá kúnlẹ̀, irọ́ ni mò ń pa; tí mo bá dọ̀bálẹ̀, Mummy á sunkún. Mo wá ń ju ọwọ́ sí wọn bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, "Morning, Mummy," mo ti sá lọ. Àyà mi dì pa bíi mọ́tò tí wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú rẹ̀. Daddy, mi ò rò pé mo mí fún oṣù mẹ́jọ gbáko.

Dre, ọmọ kíláàsì mi, ló wá sọ fún mi pé yoga ọ̀fẹ́, eré ìnara pẹ̀lú mímí, wà ní Morrow nítòsí wa ní gbogbo Sátidé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàtà, fún àwa tí wọ́n ń pè ní queer, àwa tí ìlànà ọkùnrin-obìnrin tí ayé là sílẹ̀ ò bá mu, àti pé waffle jíjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Waffle ni mo tẹ̀ lé. Mo purọ́ fún Mummy pé library ni mò ń lọ, ẹ forí jì mí.

Mo pẹ́ dé. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá èèyàn bí ogún tí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí ẹní rọ́bà, ìyá kan tó ti hewú jókòó níwájú wọn. Kí ni ọmọ Yorùbá máa rò? Mo ní háà, níbí náà wọ́n ń kí àgbà! Mo sáré dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, mo kígbe, "Ẹ káàárọ̀ mà!" Wọ́n gbọ́ ọ dé Florida.

Gbogbo orí ló yí sí mi. Dre ti fi ọwọ́ bojú. Àṣé ẹ̀yìn ni wọ́n ń nà, ẹnikẹ́ni ò kí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn, Aunty Renee, tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n na gbalaja kojú mi, àgbà bẹ́ẹ̀! Wọ́n ní, "Morning, baby. Now breathe."

Ẹnikẹ́ni ò fà mí dìde. Mo mí. Omi tó bọ́ lójú mi tó fọ tírélà.

Daddy, ẹ wá wo àwọn èèyàn yìí! Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń wa tírélà lóòótọ́, apá rẹ̀ tóbi bí itan màlúù, èékánná rẹ̀ pupa bí ata rodo. Tó bá fi ẹsẹ̀ kan dúró bíi lékeléke, ẹwà rẹ̀ á pa yín lẹ́nu mọ́. Ìyá àgbà méjì wà tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀kan máa ń di ìkejì mú kó má ṣubú. Kò sí ẹni tí wọn ò tíì fà dìde níbì kan rí nínú wọn. Aunty Renee ní ara tí wọ́n bá ń bú ṣáá máa ń sá fún ẹni tó ni ín, kí a rọra máa mí, kí a pè é padà wálé. Orúnkún mi ń dún bí gúgúrú lórí iná, wọ́n kàn ki ìrọ̀rí sábẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tó yá, àyà mi ṣí. Oúnjẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu mi.

Mummy wá rí ẹní mi nínú búùtù mọ́tò. Yéè! Wọ́n bi mí pé òrìṣà ta ni mò ń bọ. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n da òróró ìyàsímímọ́ sí ẹní náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo yọ̀ lórí rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ọrùn mi kán. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ohun tí mo jẹ́, ibi tí mò ń lọ. Wọ́n mú ìgò òróró wọn, wọ́n wọ yàrá lọ. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, àwọn ni wọ́n fi mọ́tò gbé mi lọ. Wọ́n jókòó sínú mọ́tò níta, wọ́n ti fèrèsé pa.

Sátidé tó kọjá, wọ́n wọlé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní shift, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn wọn, ẹsẹ̀ wọn wú bíi búrẹ́dì Agége. Wọ́n ní kí n jẹ́ ká máa lọ. Aunty Renee wo ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ní kí Mummy dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ti ògiri sókè. Mummy ní ìṣẹ́jú méjì péré. Daddy, wọ́n hanrun! Ọ̀gbẹ́ni tírélà ló wá fi aṣọ bò wọ́n lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jí, mo mọ̀ pé tí mi ò bá ṣe é nígbà yẹn, mi ò ní ṣe é mọ́ láé. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní mi níwájú wọn. "Ẹ kú ìsinmi, mà." Mò ń retí ẹkún. Mò ń retí ọwọ́ tó máa fà mí dìde. Ọwọ́ náà dé, ṣùgbọ́n ó kàn sinmi lé mi lẹ́yìn ni. Mummy ní:

"Àyà ò tíì kan ilẹ̀ o."

Mo fún ara mi mọ́lẹ̀, Daddy. Imú mi lá ẹní. Ó ṣì ń ta sánsán òróró.

Ẹ máa sinmi, ẹ rọra ki búrẹ́dì yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti ń mí.