Igi Tó Ṣọdún Nílé Bùsáyọ̀

Aráròmí,
Ogúnjọ́, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́.

Bùsáyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ Akíntáyọ̀ le, ṣé Ayọ̀mikún ọmọ yín ń jẹun dáadáa? Ọdún tuntun yìí á tù yín lára, ẹ kò ní fẹsẹ̀ kọ nínú rẹ̀, iṣẹ́ báǹkì tí o ń ṣe ní Sapele Road ní Bìní níbẹ̀ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Adìẹ mi méjì ló ń sàba, ẹyin mọ́kàndínlógún lápapọ̀. Òrùlé ilé ìdáná ti lu lójú méjì, mo ti fi ọ̀rá dí ọ̀kan.

Mo rí fọ́tò igi Kérésì yín. Inú fóònù Olúbùnmi, tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ni mo ti rí i, òun náà ló fi ìka fẹ̀ ẹ́ títí mo fi rí i dáadáa. Igi ike ni mo pè é, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, àfìgbà tí o sọ pé igi gidi ni, pé ẹ sì ń bu omi sí i lẹ́sẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ mi, ó dùn mí díẹ̀. Mo ka àpótí mọ́kànlá tí ẹ fi bébà aláràbarà wé, tí ẹ kó síwájú rẹ̀, ẹ̀bùn igi lásán! Èmi tí mo bí ọ, nígbà tí mo wá lọ́dún ìjẹta, ìró kan ni mo gbà, n kò sì sọ pé ó kéré. Ẹ so iná mọ́ ọn lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ọkọ rẹ kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó pa á, ó ní epo ti wọ́n. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni igi náà lò lọ́dọ̀ yín. Èmi lo mẹ́sàn-án, o sì ti ń bi mí pé ọjọ́ wo ni mò ń lọ.

Nísinsìnyí tí ọdún ti tán, o ní ẹ kò fẹ́ jù ú sí ààtàn, kí n gbà yín nímọ̀ràn. Mo yìn ọ́, ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́. Ẹ̀ka mẹ́ta tí o fi rán Gbéminíyì, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Bìní, dé ọwọ́ mi, mo sì ti dán wọn wò. Ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó yíjú padà, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Èyí tí mo tẹ́ sábẹ́ adìẹ, yòrò kò yọ adìẹ lẹ́nu tó ti tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo fi bo ẹsẹ̀ ata kò jẹ́ kí ọyẹ́ tètè gbẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Mo bó ọ̀kan, mo fi ti tòmátì, ó dúró ṣinṣin. Ẹ gé ìtì rẹ̀ sí mẹ́rin, kí káfíńtà fi ṣe ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó. Ẹ má fi dáná nínú ilé o, oje inú rẹ̀ ń ta, èéfín rẹ̀ sì dúdú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Akíntáyọ̀ fi fọ́ọ̀mù sínú fóònù fún gbogbo ẹbí, pé kí oníkálukú yan ohun tó fẹ́ lára igi náà. Olúbùnmi kà á fún mi: ìtì, ẹ̀ka, ewé. Ó ní ìyá ọkọ rẹ tó ń gbé Uselu ti yan ẹ̀ka. Mo bi í bóyá torí pé ìyá náà lè wọ kẹ̀kẹ́ kan péré dé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ṣe jẹ́ kó yàn ṣáájú mi, ó ní fọ́ọ̀mù kò sọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ohun tí èmi fẹ́, ó ní kò sí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fọ́ọ̀mù kò ní gbà á. Mo ní kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí.

Mo mọ igun pálọ̀ tí igi náà dúró sí. Mo rí ibi tí Ayọ̀mikún kọ nǹkan sára ògiri nínú fọ́tò náà. Ibẹ̀ ni mo tẹ́ ẹní mi sí nígbà tí mo wá. Ní oṣù Bélú tí mo ní mò ń bọ̀ wá ṣọdún, o ní kò sí àyè, kí n ní sùúrù. Mo ní sùúrù, àṣé igi lẹ fi àyè ọ̀hún dè. Ẹ fún ìyá ọkọ rẹ ní ẹ̀ka, ẹ fún ẹni tó bá fẹ́ ewé ní ewé. Èmi, ibi tó dúró sí ni mo fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni Ayọ̀mikún ń sọ sí mi lórí fóònù, “bẹ́ẹ̀ ni” ni mo sì ń fi dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan jókòó tì í kó tó di pé ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò pè mí mọ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ilé yín ní Uwasota, á fi òróró sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ó jẹun ọmọ.

Mo ti ṣírò owó ọkọ̀. Ọ̀kadà dé gáréèjì, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀; mọ́tò Gbéminíyì, ẹgbẹ̀rún méje; kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni gbogbo rẹ̀, mo ti dín gààrì, n ó fi jẹun lọ́nà. Kí o ka owó náà sí Gbéminíyì lọ́wọ́, má fi gba inú fóònù, torí owó tó bá gba ibẹ̀ kì í pé mọ́ tó bá fi máa dé. Owó àlọ nìkan ni mo ṣírò yẹn o. Ti àbọ̀, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Bùsáyọ̀.