Bí Ẹ Ṣe Ń Mú Ẹtù

Bàbá mi àtàtà,

Ó rẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti lọ sinmi báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Muchia níbí, lẹ́bàá yunifásítì, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, nínú yàrá tí ẹ wá wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹ ń mi orí sí.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní yunifásítì, n kò ráyè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín rí. Awò ńlá kan ni, tí à ń dé sórí bí àṣíborí ọlọ́kadà. Ẹni tó bá dé e, ayé mìíràn tí kọ̀ǹpútà yà ni yóò máa rí, tí bọ́ọ̀lù ń fò kiri nínú rẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan á wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ mú, kó na ìmọ́lẹ̀ sí i, kó tẹ bọ́tìnì. Ó rọrùn létí, àbí? Kí ọwọ́ tó tẹ bọ́tìnì, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń wá bí ọwọ́ yóò ṣe yá ju bọ́ọ̀lù lọ. Gbogbo èèyàn ń tàsé, ọ̀gá mi sì ń dá ìwé mi padà.

Ọ̀sẹ̀ tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti dán an wò ni Màmá ránṣẹ́ pè mí nítorí àìsàn yín. Mo sún un sí Sátidé. Basawa tí ilé yín wà, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Samaru níbi iṣẹ́ mi! Ìtòsí yẹn ló tàn mí jẹ. Ká ní Ìlọrin lẹ wà ni, ǹ bá ti wọ mọ́tò lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́bọ̀ lẹ lọ. Ṣé ẹ ń wo ẹnu ọ̀nà? N kò lè bi Màmá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bí mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni mo ń rí lẹ́yìnkùlé lórí àpótí yín, nígbà Kérésì tí àwa ọmọ ń lé ẹtù títí a fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ kì í lé wọn. Ẹ ó kàn ṣe Haba! sí wa, ẹ ó da ọkà bàbà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín, ẹ ó jókòó jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ti dorí kodò tí wọ́n ń ṣà á jẹ, ẹ ó na ọwọ́ mú èyí tó wù yín, bí ẹni mú ife lórí tábìlì. Ni mo bá tún iṣẹ́ náà ṣe. Tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, gbogbo bọ́ọ̀lù á dúró. Mú èyí tó wù ọ́, wọ́n á tún máa lọ. Ẹni tó ń tàsé kò tó nǹkan mọ́. Ọ̀gá mi gbà á. Orúkọ yín ló wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, inú mi kò sì dùn. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe, nígbà tí n kò lè dá ọ̀sẹ̀ yẹn dúró?

Lánàá, Màmá rán mi kí n mú ẹtù kan fún ìrántí ọdún kan yín. Mo jókòó sórí àpótí yín, mo da ọkà bàbà sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń dà á, mo dákẹ́. Wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń wò mí. Oòrùn yí, ẹsẹ̀ mi kú, ẹyọ kan kò sún mọ́ mi. Ẹni tó ń wà pẹ̀lú wọn lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá jẹun lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá, ta ni yóò bá mi sọ fún wọn pé ọmọ yín ni mí?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ dé.