Ohùn Ikọ́-Méjì

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Keje
Àǹtí ti fi orúkọ mi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbi ìdíje eré ìdárayá àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé tó ń wáyé nílùú òyìnbó tí a wà yìí. Ó ní ariwo ẹnu mi ti pọ̀ jù nínú ilé, kí n lọ gbé e ṣiṣẹ́ níta. Wọ́n fi mí sí ìdí omi, wọ́n fún mi ní fìlà, àti wókítókí, ẹ̀rọ tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Èmi! Ọ̀gá wa máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ — húù-húù — "Ẹ̀yin èèyàn mi." Ikọ́-Méjì ni mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ lórí ẹ̀rọ, ohùn la fi ń mọ ara wa. Ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀, o ó ní "Mo gbọ́," o ó sì ṣe é. Ó parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Mo ti mú ohùn rẹ̀! Níwájú dígí balùwẹ̀. Àǹtí sáré jáde tòun ti ṣíbí ọbẹ̀: "Ta ni ọkùnrin yẹn nínú ilé mi?" Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí bí egbò. Òun ò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ á kó bá wa lọ́jọ́ kan. Ìwé ìgbélùú wa ò tíì jáde o."

Ọjọ́rú, 8
Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà láàárín àwọn eléré! Ọjọ́ Ẹtì ni yóò sá eré ojú títì. Ẹsẹ̀ gbọọrọ — Lékèélékèé ni mo sọ ọ́. Mo sín Ikọ́-Méjì jẹ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń pè é láràárọ̀ láti ilé. Ó ní bí òun ò bá gbọ́ ohùn ìyá òun, ẹsẹ̀ òun kì í yá. Ó wá bi mí: "Omi á wà ní gbogbo kọ́nà, àbí? Ooru yìí ń bà mí lẹ́rù." Mo ní, "Fọkàn balẹ̀ jàre. Èmi ni mo ni omi."

Ọjọ́bọ̀, 9
Ooru. Ikọ́-Méjì lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri yàrá àwa òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́. Èmi àti ìwé kẹ̀? Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo ṣe ní girama. N kò kà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
N kò lè kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Jẹ́ kí n kọ ọ́.
Mo rò pé aago mẹ́wàá ni eré àná. Ní aago méje ààbọ̀, mo gbẹ́nu lé wókítókí. Bàbá Olómi ni mo fẹ́ fi ṣeré — bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ tábìlì omi ní kọ́nà kẹta, tó ń pè mí ní Ọ̀gá Kékeré. Húù-húù. "Ẹ̀yin èèyàn mi. Omi kọ́nà kẹta, ẹ kó o lọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀." Ikọ́-Méjì ń sinmi lóun nìkan nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti pa ẹ̀rọ tirẹ̀. Bàbá ní, "Mo gbọ́."
Mo fẹ́ tò fún oúnjẹ, kí n jẹun tán, kí n lọ fi í ṣẹ̀fẹ̀, ká jọ gbé tábìlì padà. Ìlà oúnjẹ gùn. Aago mẹ́jọ ti kọjá dáadáa, búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu mi, tí ẹnìkan fi pariwo lórí ẹ̀rọ: kò sómi ní kọ́nà kẹta, ọmọ kan ti ṣubú.
Wọ́n ti fa eré náà sí aago mẹ́jọ nítorí ooru. Ohun tó wà nínú ìwé ara ògiri nìyẹn.
Lékèélékèé ni.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Kò tíì lajú. Wọn ò jẹ́ kí n wọ ọsibítù. Àǹtí ní kí ló dé tí n kò jẹun, mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 13
Wọ́n pe gbogbo wa jọ. Bàbá Olómi gbé fìlà lé orúnkún. "Ọ̀gá ló ní kí n kó o. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́." Ikọ́-Méjì fò dìde: òun ò sọ ọ́, láé! Àṣé wọ́n ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Húù-húù.
Ikọ́-Méjì ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ewé tí iná rà.
"Ohùn mi ni," ló wí. "N kò rántí. Ṣùgbọ́n ohùn mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá bàbá wí." Ó bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀ lélẹ̀, ó jáde.
Mo wà lẹ́yìn pátápátá. Mo fi fìlà bo ẹnu mi tí kì í sinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Lékèélékèé lajú láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa: ìyá rẹ̀ pè, wọ́n gbé fóònù sí i létí. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ títí. Ó ní, "Ta nìyẹn?"
Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì. Ó ní "Ìwé wa," lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ló bá mi wá bàtà mi.
Nígbà tí mo dé ilé Ikọ́-Méjì, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, sílípáàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé pélébé-pélébé kún ara ògiri, ìwé tó kọ sí ara rẹ̀. Mo kà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pa gáàsì. Ti ilẹ̀kùn. Òní Ìṣẹ́gun ni. Má sọ ohunkóhun láìkọ́kọ́ rò ó.
"Kí lo fẹ́, ọmọ mi?"
Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.
Mo bá gbé ohùn rẹ̀ wọ̀, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì — húù-húù.